Obìnrin Inú Ọgbà Náà Kò Kú

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Manchester níbí. Títí di àárọ̀ òní, Sámúẹ́lì ọmọ yín àti ìyàwó rẹ̀ ṣì ń sùn ní yàrá ìyá mi ní Ìlaró, aṣọ ìyá mi sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé tí ẹ pín in fún. Ìyá mi kò kú. Ó wà ní kíṣìnì mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ń bẹ iṣu, ó sì ń ráhùn pé iṣu tí mo rà lọ́jà Harpurhey ti gbẹ bí igi.

Mo kí Ìyá Sámúẹ́lì, aya yín. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí àwọn ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, pàápàá àwọn tó ti ń ró aṣọ ìyá mi lọ sí ọjà. Mo retí pé ó bá wọn mu.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ẹbí síta. Ìta ni ẹ gbé e sí kí n tó gbé e. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde ikú ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìlaró, gbogbo ìjọ sì dìde dúró fún un. Àwọn tó gbọ́ pé ó kú ní gbangba yẹ kí wọ́n gbọ́ ní gbangba pé kò kú. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn nìyẹn.

Nítorí àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ wá, ẹ̀yin ni àbúrò tó tẹ̀ lé bàbá mi olóògbé, ẹ̀yin sì ni olórí ẹbí wa báyìí. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní ìlú yìí, ojú ọ̀nà Princess Road ni mo sábà máa ń wà. Kí n tó wá síbí, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́, ẹjọ́ kóòtù ni mo ń lọ gbọ́ tí mo ń kọ ìròyìn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi pé bí inú bá ń bí ènìyàn, kí ó to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó má fò kankan. Inú ń bí mi, Bàbá. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé pẹ̀lẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ orúnkún mi ló gbé Màámi wá. Nígbà tó dé, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹwọ́ ni. Mo tún padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo lè tẹ bíréèkì dáadáa, ló bá di pé òun nìkan ló ń wà nílé láti ìdájí títí di ọ̀sán. Moss Side níbi tí à ń gbé, ilé wa fara kan ti aládùúgbò, ògiri kan náà la jọ ń lò, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ènìyàn má gbúròó ẹnì kejì. Màámi a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kí ẹni tó ń kọjá, ẹni náà a mi orí, a bá tirẹ̀ lọ. Ó bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé àdúgbò tí ènìyàn kì í bá ara wọn jà, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn jọ ń gbé? Èmi gan-an ti pẹ́ níbí, n kò mọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì mi.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí àwọn àgbà àdúgbò ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni mo mú un lọ. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí igun kan, ó sì bá obìnrin Òyìnbó kan pàdé tó ń jẹ́ Joan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí Màámi gbọ́ kò tó nǹkan, Yorùbá tí Joan gbọ́ kò ju ẹ káàárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn a jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọn a jọ mu tíì, oníkálukú a máa sọ èdè tirẹ̀. Nígbà tí Joan ní kí n bá òun bi Màámi bóyá yóò jẹ́ kí òun ya àwòrán rẹ̀ nínú ọgbà náà, Màámi ní òun gbà, bí wọn kò bá ti ní ya òun pẹ̀lú aṣọ oko. Ó lọ wọ léèsì funfun ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó wé gèlè funfun, ó jókòó sáàárín òdòdó pupa àti elésè àlùkò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Ìyálóde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú àwòrán tó jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, inú ilé ni àwọn ayàwòrán Òyìnbó ti ń ya ènìyàn, wọn a yọ imú, wọn a yọ etí, títí dé orí bọ́tìnnì aṣọ. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti yapa, tí wọ́n gbé ọ̀dà wọn jáde sínú oòrùn, tí wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tó bà lé nǹkan làwọn fẹ́ yà, àwọn sì gbọ́dọ̀ yà á kí ó tó sá lọ. Joan ń tọ ọ̀nà tiwọn. Kì í fa ìlà. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kán ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọ̀ kan lórí òmíràn. Bí o bá sún mọ́ ọn, jágbajàgba ni. Bí o bá rìn sẹ́yìn, obìnrin kan á jáde, á jókòó. Oòrùn Manchester sì rèé, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á yọ, Joan á sáré kán ọ̀dà, ìkúukùu á bò ó, Joan á kùn hùn-ùn. Màámi sọ fún mi pé obìnrin náà ń bá oòrùn jà, oòrùn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun jà.

Nígbà tí àwòrán náà parí, Màámi sún mọ́ ọn, ó wò ó títí, ó wá ní kí n bá òun bi í pé ìgbà wo ni yóò parí rẹ̀. Joan rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Màámi tún ní ẹjọ́ mìíràn: ó ní obìnrin yìí ti bu búlúù jù sí aṣọ òun, pé àwọn tó bá rí i á rò pé òun ò mọ aṣọ funfun fọ̀. Joan ní kí n sọ fún un pé òjìji tó bá bọ́ sórí aṣọ funfun nínú oòrùn, búlúù ni. Màámi ò bá a jiyàn. Nígbà tí oòrùn tún yọ, ó sá aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì sórí okùn, ó dúró tì í, ó wò ó. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, ó ní òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó wo àwòrán náà láti òkèèrè. Ó ní, "Èmi nìyí."

Joan kò ya ẹyinjú sí i. Òjìji gèlè ló fi bo ojú náà, ẹ̀kán dúdú méjì péré ló wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí a ń ṣe ìkórè, Pásítọ̀ wa níbí ní kí a gbé àwòrán náà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí àwọn àlejò lè rí i. Férémù rẹ̀ aláwọ̀ wúrà ni. Àwọn ìyá ìjọ to òdòdó tútù sí ìdí rẹ̀. Tósìn, géńdé kan tí wọ́n bí ní ìlú yìí, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣágámù, ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí status fóònù rẹ̀. Ó fi ẹyẹ àdàbà sí i àti ọwọ́ méjì tó pàdé bí ẹni ń gbàdúrà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé Màmá wa, ayaba títí láé. Kò mọ ohun tí òdòdó, férémù àti àdàbà ń sọ nílé wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Màámi ní pálọ̀ mi, ó ní, "Grandma, swear down, mo kàn like picture yẹn ni." Màámi ní kó dìde, pé aṣọ rẹ̀ á dọ̀tí.

Fọ́tò náà ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Ìlaró. Mo mọ ohun tí ẹ rí. Arúgbó obìnrin, aṣọ funfun, òdòdó yí i ká, ojú rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n pa dé. Ìyá Sámúẹ́lì sọ fún àwọn ará ilé pé Párádísè ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá, n kò bá yín jà nítorí pé ojú yín ṣì í rí. Ojú ẹnikẹ́ni lè ṣì í rí. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ kò béèrè.

Ta ló pè mí nínú yín? Ta ló bi mí pé àìsàn wo ló ṣe é? Ta ló bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e dé, ibo la máa sin ín sí, ṣé ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni? Nílẹ̀ Yorùbá, òkú la kọ́kọ́ ń sin, lẹ́yìn ìyẹn la ń pín aṣọ. Ẹ̀yin pín aṣọ, ẹ ò bèèrè òkú. Ẹni tó gbà lóòótọ́ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kú sílẹ̀ àjèjì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá ni òkú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé yàrá ló ń wá, ilẹ̀kùn yàrá ni yóò kọ́kọ́ já.

Bí mo ṣe gbọ́ rèé. Mo gbé bọ́ọ̀sì dúró ní ìparí ọ̀nà, mo ń sinmi díẹ̀ kí n tó yí padà, òjò ń rọ̀. Mo yẹ fóònù mi wò. Sámúẹ́lì ló kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní bínú tí a bá tún yàrá Màmá kùn?"

Mo fi Màámi sílẹ̀ nílé láàárọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó ti ṣubú, pé aládùúgbò kan ló rí i, pé ìròyìn ti dé Ìlaró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pe fóònù ilé. Ó dún, ó dún. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e. Ó ní, "Fọlákẹ́, ṣé o ti ń bọ̀ ni? Ata ti tán o." N kò lè dá a lóhùn. Ó ní àbí network ni. Mo ní òun ni. Mo yí bọ́ọ̀sì padà, mo ń gbé ènìyàn. Ìyá kan tó wọlé bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní òtútù ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pè yín lórí fídíò, mo gbé Màámi síwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì náà gbọ́ ọ. Ìyá Sámúẹ́lì jókòó lẹ́yìn yín, ó ró àdìrẹ ìyá mi, èyí tó ní ìlà ẹja. Màámi rí i. Ẹ wò wá, ẹ yí sí àwọn ará ilé, ẹ ní ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí ń fi ẹ̀rọ sọ òkú di alààyè láti lu ènìyàn ní jìbìtì. Ẹ wá ní bó bá jẹ́ òun ni lóòótọ́, kí ó pe orúkọ tó sọ yín.

Àwọn òǹkàwé mi mọ àṣà náà. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó máa fún un ní orúkọ tirẹ̀ ni. Ọmọdé ni yín nígbà tí Màámi wọ ilé náà, ó sọ yín lórúkọ, ó sì ń fi orúkọ yẹn jí yín lọ sí ilé ìwé. Bó tilẹ̀ dàgbà jù yín lọ, láti ìgbà náà, kò fi "ìwọ" pè yín rí.

Màámi sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ti sin mí. Òkú kì í pe orúkọ. Ẹ kó ọmọ yín jáde ní yàrá mi. Màá wọlé, màá jókòó, màá sì pè yín."

Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé ṣé wọ́n rí i, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sì pa fóònù.

Mo mọ orúkọ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí Màámi ló ni ín, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rán Pásítọ̀ yín sí wa lórí fóònù. Ẹ gbà báyìí pé ó ṣeé ṣe kí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ ní aṣọ tí wọ́n ti pín bí aṣọ òkú kò ṣeé dá padà fún alààyè, pé èèwọ̀ ni, pé nítorí ìfẹ́ tí ẹ ní sí i lẹ ò fi fẹ́ kó padà sí i lára. Ẹ ní ní ti yàrá, arúgbó ni, ibi tó wà sàn fún un, iná kì í lọ, dókítà wà nítòsí, ọmọ rẹ̀ sì ń gba owó Òyìnbó, ó lè kọ́ ilé fún un.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní ṣókí. Físà àlejò ni Màámi ní, ìjọba ibí fẹ́ kó padà sílé rẹ̀ ju bí ẹ̀yin ti fẹ́ lọ. Owó Òyìnbó tí ẹ ń sọ, onílé, gáàsì àti iná ló kọ́kọ́ ń gbà á, ohun tó bá kù ni mo ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀yin náà sì máa ń jẹ níbẹ̀. Kò sí ilé mìíràn tí mo fẹ́ kọ́ fún un. Ó ní ilé. Òun ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó sì tún ń dáná oúnjẹ tí ẹ̀ ń jẹ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwé. Ẹ wo ògiri yàrá náà dáadáa kí ẹ tó kùn ún.

Ní ti aṣọ, Màámi ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́. Ó ní aṣọ á gbó, ẹni tó bá fẹ́ kó gbó sí i lára, kí ó gbó sí i lára. Yàrá nìkan ló ń bèèrè. Ó ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìlaró kí òun máa bi ènìyàn léèrè ibi tí òun máa sùn sí nílé ọkọ òun. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kì í lọ sí ọgbà mọ́. Ó ń jókòó ti fèrèsé ní kíṣìnì, ó ń wo òjò. Ó tún bi mí lánàá bóyá ẹni tí wọ́n bá ti kéde ikú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì lè jókòó sí àga rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Bàbá, ohun tí mo ń bínú sí jù nìyẹn. Obìnrin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti mú kí ó máa bèèrè ibi tí àyè rẹ̀ wà.

Joan wá bi mí ìdí tí ọ̀rẹ́ òun kò fi wá mọ́. Mo ṣàlàyé. Ó ní bóyá kí òun ya ẹyinjú sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi. Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá mọ òun máa mọ òun. Joan ti fún un ní àwòrán náà, ó ti fi bébà dì í. Màámi ń gbé e bọ̀ wálé. Ó ní orí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá òun ni òun máa gbé e kọ́, kí ẹni tó bá ń wọlé rí òun lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní ẹni bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ wọn ṣe. N kò gbàdúrà pé kí ó ṣe yín. Mo gbàdúrà pé kí ẹ pẹ́ láyé, kí ojú yín má fọ́, kí ẹnikẹ́ni má pín aṣọ yín níṣojú yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ kí Pásítọ̀ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ìjọ kò tíì parí ìkéde wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màámi ń wọ bàálù. Káyọ̀dé àbúrò mi kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀ yìí láti lọ bá wa wo yàrá náà. Ó pè mí nígbà tó dé ìkóríta ilé wa. Ó ní òun ń rí ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn mú bẹ́ẹ̀dì kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ibi tí òun dúró sí, òun ò lè sọ bóyá wọ́n ń kó o wọlé ni tàbí wọ́n ń kó o jáde. Fóònù já. A ò tíì rí i pè padà, n kò sì tíì mọ̀ bóyá Sámúẹ́lì ń kó kúrò ni tàbí ó tún ń kó ẹrù kún ẹrù.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́